Gómìnà Tó Fi Ẹ̀gún Sórí Gbogbo Àga

Kí n tó dárúkọ ọkùnrin yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró ná. Kì í ṣe èmi ni mo ní kí ẹ dìde o. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìjókòó sí àrífín, bẹ́ẹ̀ èmi kì í fẹ́ ìjàngbọ̀n. Ṣé ẹ ti dúró? Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ ni Lionel Garside-Pym, Gómìnà Ààfin Stallingmere.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gómìnà yẹn bà yín lẹ́rù. Kò ní ìpínlẹ̀, kò ní ọlọ́pàá, kò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé olódi àtijọ́ kan ló ń ṣe gómìnà lé lórí, lórí òkè kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọba kankan kò ti sùn mọ́ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Òjò ti jẹ ìdajì ògiri rẹ̀, ẹyẹlé ló ń gbé ilé ìṣọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń sanwó wọlé lópin ọ̀sẹ̀ láti wo ibi tí àwọn ọba ti jẹun, ibi tí wọ́n ti sùn, àti ibi tí wọ́n ti ń gbèrò bí wọ́n á ṣe bẹ́ orí àbúrò wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ààfin náà ló ń yan gómìnà. Oyè ọlá ni, kò sówó níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bọ àlejò lọ́wọ́, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó sì máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n Garside-Pym kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fún ní nǹkan kékeré kó fi í sílẹ̀ ní kékeré. Kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìdérí ìgò, Garside lásán sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Pym jẹ́ orúkọ bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí oyè dé ló yá orúkọ yẹn, kò sì dá a padà mọ́. Ó ra fìlà tó ní ìyẹ́ gígùn, ó ra ọ̀pá olórí fàdákà, ó sì ń sọ "àwa" níbi tí èèyàn yòókù ti ń sọ "èmi". Bó bá ní òtútù ń mú àwa, gbogbo ará ọ́fíìsì á wọ kóòtù.

Ẹni tó kọ́kọ́ máa ń wọ kóòtù ni igbákejì rẹ̀, Nigel Crabbe, ọkùnrin tínínrín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ ju ti ológbò lọ. Bí Gómìnà bá húkọ́, Crabbe á ní ẹni tó ronú jinlẹ̀ ló ń húkọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Gómìnà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Crabbe á ti máa pàtẹ́wọ́ kí ẹnu tó ṣí, kí ìpàtẹ́wọ́ má bàa pẹ́ dé.

Ní àárín ààfin náà ni Yàrá Ọba wà. Àga ńlá kan ń bẹ nínú rẹ̀, dúdú, gíga, wọ́n sì gbẹ́ orí ẹranko sí apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fetí sí ìtàn àga yìí dáadáa. Ojúlówó àga ọba ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kòkòrò ti jẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Nígbà tí àwọn tó ti di arúgbó báyìí ṣì wà lọ́mọdé, ìlú Stallingmere fẹ́ ṣe eré ìtàn ńlá kan, wọ́n sì ní kí Reg Huckaby, káfíńtà ìlú, bá àwọn kan àga tó lè jọ ti ọba. Wọ́n ní kó gbẹ́ kìnnìún sí apá rẹ̀. Reg kò rí kìnnìún rí láyé ẹ̀, ajá rẹ̀ ló ń wò tó fi gbẹ́ ẹ. Kìnnìún náà jáde pẹ̀lú etí tó wọ́ sílẹ̀ àti ojú ẹni tó ń tọrọ bisikíìtì. Nígbà tí eré parí, wọ́n gbé àga náà sí Yàrá Ọba kí yàrá má bàa ṣófo, ibẹ̀ ló ṣì wà títí di òní, bí Reg tilẹ̀ ti kú.

Ìyàwó rẹ̀, Doreen, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Doreen, ni olùṣọ́ yàrá yẹn. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, egungun ìbàdí rẹ̀ kan kò sì dáa mọ́. Ọ̀kan ni nínú àwọn àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa jókòó sí yàrá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dá àlejò lóhùn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan. Àga oníke kékeré kan wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láràárọ̀, kó tó jókòó, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa kìnnìún ọkọ rẹ̀ lórí, á wá ṣí fúláàsì tíì rẹ̀, ọjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó kan àga yẹn. Alápatà mọ̀, àlùfáà mọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà mọ̀. Gómìnà nìkan ni kò mọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ Yàrá Ọba, ó rí àga, ó ṣí fìlà, omi sì lé ró sí i lójú.

"Níbí ni Henry jókòó sí," ló wí.

Ìyá Doreen dìde díẹ̀díẹ̀. "Sà, ní ti àga yẹn..."

"Ìyáàfin, ní ti àga yẹn, a ti mọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀." Crabbe sì pàtẹ́wọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí: kí ló dé tí àwọn yòókù kò sọ fún un? Ẹ ò tíì gbé ilẹ̀ yìí ni. Níbí, bí fìlà bá ń jóná lórí ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ bá a sọ. Wọ́n á ní ọjọ́ gbóná díẹ̀ lónìí, àbí? Wọ́n á máa retí kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan orí. Oníkálukú ń rò ó pé ẹlòmíràn á sọ ọ́, ìgbà tó sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ, ó wá dà bí ìwà àìmọ̀ọ́ṣe láti sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Henry ṣe rí àyè. Àwọn ọba tó jẹ́ Henry pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, Gómìnà kò sì fi ìkan sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùsìn oyin wá wo ààfin, Henry Kẹrin ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí olórí ìlú wá, ó ti di Henry Karùn-ún. Àwọn oníbáńkì dé, ó di Ìkẹfà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ó rí i níwájú.

Lọ́jọ́ tí àwọn oníbáńkì yẹn wá ni wàhálà dé bá Ìyá Doreen. Gómìnà ṣí ilẹ̀kùn Yàrá Ọba pẹ̀lú ọ̀pá fàdákà rẹ̀, ó kéde Henry, àwọn àlejò wọlé, Ìyá Doreen sì wà lórí àga oníke rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó fẹ́ dìde, ìbàdí kò tètè gbà fún un. Gómìnà kò sọ nǹkan kan níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo àwọn olùṣọ́ yàrá jọ sí gbọ̀ngàn ńlá, ó sì gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ló wí, "níbi tí ọba bá wà, gbogbo ayé a máa dìde. Henry wà níhìn-ín. Àwa kò sì rí ìdí kankan tí ìdí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kan àga nínú ilé ọba. Láti òní lọ, kò sí olùṣọ́ tó gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó máa lọ sílé. Ilé ni àga wà."

Ìyá Doreen nawọ́ sókè. Ó ní ìbàdí òun, sà.

Gómìnà wò ó pẹ̀lú àánú ńlá. "Ìbàdí dun àwọn ọmọ ogun Henry náà lójú ogun Agincourt, Ìyáàfin Huckaby."

"Ó yé mi, sà," ni Ìyá Doreen dáhùn. Èyí tí í ṣe pé kò yé e rárá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ láàárín wa mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Crabbe ló wá gbé àga oníke náà lọ sí ìsọ̀ irinṣẹ́ ọgbà. Ojú tì í díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún un, torí ìyá náà ló kọ́ ọ nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní àṣẹ ni, kó má bínú.

"Mi ò bínú, Nigel," ni Ìyá Doreen wí. "Rọra gbé e o, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti yẹ̀." Nígbà tó yá ló tún ní, "Ilé mi dákẹ́ jù, ṣó o mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi wà ní Ọsirélíà. Bí mo bá fi yàrá yìí sílẹ̀, kẹ́tùlù ni máa máa bá sọ̀rọ̀."

Crabbe bojú wo ìta. Ó ní ó dà bíi pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ìyá Doreen bá dúró. Ó ń fara ti ògiri, ó ń yí ẹsẹ̀ padà, nírọ̀lẹ́ ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe egungun. Àga tí ọkọ rẹ̀ kàn wà níwájú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ó fẹ̀, ó lágbára, kò sì gbọdọ̀ jókòó lé e.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí Gómìnà bá dúró síbẹ̀, bóyá à bá máa bá a fà á títí di òní. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kan wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì bi í pé àga mélòó ló jẹ́ àtijọ́ nínú ààfin náà. Èèyàn mìíràn á ní méjì tàbí mẹ́ta. Gómìnà gbọn ìyẹ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀. Kò sí àga kan ní Stallingmere tí ìtàn kò tíì jókòó lé."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Crabbe kà á, ó sì ṣe ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ rere máa ń ṣe.

Nínú àwọn ààfin ilẹ̀ yìí, a kì í pariwo mọ́ àlejò pé má jókòó níbẹ̀ yẹn. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún gbígbẹ kan la máa ń fi sórí àga àtijọ́. Àlejò á rí i, á sì mọ̀wọ̀n ìdí ara rẹ̀. Nígbà tí gbogbo àga ti wá di àtijọ́, Crabbe gbé agbọ̀n, ó lọ sínú pápá, ó já ẹ̀gún títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ó fi ẹ̀gún sórí àga onírin nílé tíì. Ó fi í sórí bẹ́ńṣì inú ọgbà, àti sórí àpótí tí obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé. Ilé ìyàgbẹ́ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, lẹ́yìn àríyànjiyàn tó pẹ́.

Gómìnà yìn ín gidigidi, ó sì fi òfin tirẹ̀ kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹ̀gún kúrò lórí àga bí kò ṣe ọwọ́ Gómìnà, ẹ̀gún tó bá sì ti kúrò lórí àga kan kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, orí àga mìíràn ni kó balẹ̀ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó fẹ́ sinmi. Ẹ̀gún kan wà lórí àga rẹ̀.

Àga aláwọ ni, tó ń yí, tó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀. Inú ilé ìtajà lójú títì ló ti rà á. Ó pe Crabbe, ó bi í pé kí ni èyí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé gbogbo àga, sà," ni Crabbe wí, ó sì tẹrí ba. "Mo wá rò ó pé bí ìtàn bá ti jókòó síbòmíràn, ibi tí ẹ̀yin gan-an ń jókòó sí ńkọ́?"

Kí ni Gómìnà fẹ́ sọ? Bó bá ní àga lásán ni, a jẹ́ pé ìwé ìròyìn parọ́, a sì jẹ́ pé òun kì í ṣe ìtàn. Ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn nínú jù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Crabbe ní làákàyè, ó sì dúró ti tábìlì rẹ̀ kọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kejì ó tún dúró. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nílé tíì náà, àwọn àlejò ń dúró mu tíì. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí àwọn tó dúró, wọ́n rò pé ìlà ni wọ́n tò, wọ́n sì lọ tò sẹ́yìn wọn. Ìlà náà jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ọgbà po. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ohun tí wọ́n tò fún, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró, ẹ ní sùúrù. Ọmọba ń bọ̀.

Ìròyìn dé pé Ọmọba Adela yóò wá ṣí ilé ìṣọ́ tí wọ́n tún ṣe. Ìbátan ọba ni, àgbà obìnrin kan tó jìnnà sórí ìtẹ́ débi pé bí gbogbo ìdílé bá rin ìrìn-àjò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún wá ẹlòmíràn kí wọ́n tó kàn án. Ṣùgbọ́n ọmọba ni, Gómìnà kò sì sùn mọ́. Bí Ọmọba bá fẹ́ jókòó, a jẹ́ pé wọ́n á mú ẹ̀gún kúrò lórí àga Henry níwájú àwọn oníròyìn. Ó fúnra rẹ̀ hùmọ̀ odidi ètùtù kan fún un: kó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó pe orúkọ Henry, kó gbé ẹ̀gún sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò.

Wọ́n dán an wò lójoojúmọ́. Crabbe ló ń ṣe Ọmọba. Ó ń gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ kọ́ apá, ó ń rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń wí pé, "Ó mà rẹ̀ mí o." Gómìnà á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún iṣẹ́ ọwọ́ Reg Huckaby. Ìyá Doreen wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó ń wò wọ́n. Gómìnà rí i pé ó ń fara ti ògiri. Ó sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbọ̀n níwájú Ọmọba, kó má padà wá mọ́ láti ọjọ́ Monday. Ìyá Doreen ní ó yé òun.

Ọjọ́ pé, òjò sì ń rọ̀. Ọmọba Adela sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ bàtà òjò, ó di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú. Wọ́n mú un gun ilé ìṣọ́, wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú un yí odi ká. Kò sí ibi tó wò tí àga kò sí, kò sì sí àga tó wò tí ẹ̀gún kò sí. Nígbà tí wọ́n fi dé Yàrá Ọba, Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni tó ti ṣèlérí pé yóò kúrú. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí Ọlọ́run dá òkúta tí wọ́n fi kọ́ ààfin. Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ Henry kan, ó bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Gbogbo èèyàn dúró, torí bí ọmọba bá dúró, ta ló máa jókòó? Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Doreen di etí àpótí fèrèsé mú pẹ̀lú ìka méjì, ojú rẹ̀ funfun.

Ọmọba yọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè ríbi jókòó? Orúnkún mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Ojú Gómìnà tàn. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò.

"Mà," ló wí, "lórí àga yìí ni Henry Kẹjọ fúnra rẹ̀ jókòó sí lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ bá ilẹ̀ Faransé jagun. Ó gbé ọwọ́ lé orí kìnnìún yìí, ó sì sunkún." Àbí ẹ ò rí i? Lẹ́yìn ẹ̀fà, ẹ̀jọ ló kàn. Ó gbé ẹ̀gún sókè bí ọmọ tuntun, ó sì fi ẹ̀yìn rìn.

Ọmọba kò jókòó. Ó sún mọ́ àga náà, ó wò ó, ó na ọwọ́, ó sì di etí kìnnìún náà mú.

"Kìnnìún kọ́ nìyí," ló wí. "Ajá ni."

Crabbe ti múra láti rẹ́rìn-ín sí ohunkóhun tí Ọmọba bá sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ajá yìí," ni Ọmọba wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n gbé mi wá síbí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fún eré kan. Wọ́n ní kí n ṣe ọba. Àga yìí ga jù mí lọ, mo wá ń sunkún. Ọkùnrin tó kàn án ló gbé mi gùn ún. Ó ní kí n di ajá òun mú, pé kò ní jẹ́ kí n já bọ́. Ó tiẹ̀ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi." Ó dijú díẹ̀. "Kí lorúkọ ajá yẹn ná?"

Gómìnà la ẹnu. Ó ní bóyá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àga mìíràn ni Ọmọba ní lọ́kàn.

"Pickle ni, mà," ni Ìyá Doreen wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọba yíjú. "Pickle," ló wí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Pickle ni lóòótọ́. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ọkọ mi ló kàn án, mà. Reg. Ó ti lọ."

"Ó fún mi ní súìtì."

"Kò sígbà tí súìtì kì í sí lápò ẹ̀, mà. Eyín ẹ̀ ló sì jìyà ẹ̀."

Ọmọba wá kọjú sí Gómìnà, tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gún lọ́wọ́. "Henry wo lẹ ní ó jókòó síbí?"

"Kẹ... Kẹjọ, mà."

"A jẹ́ pé ó dúró pẹ́ gan-an," ni Ọmọba wí, "kó tó rí i jókòó lé."

Ẹ gbọ́ ohun tí Crabbe sọ. Ó ní, "Mo ti ń rò ó tipẹ́, mà, pé kìnnìún yẹn fi ajá jọ."

Ṣùgbọ́n Ọmọba ti rí ẹsẹ̀ Ìyá Doreen tó ń gbọ̀n. Ó bi í pé ibo ni àga rẹ̀ wà. Ìyá Doreen ní àwọn kì í jókòó mọ́. Ọmọba bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn, nítorí a kì í tọ́ka sí èèyàn níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo bàtà náà ló kọjú sí Gómìnà.

"Ẹ wá jókòó," ni Ọmọba wí.

"Níbo, mà?"

"Lórí àga ọkọ yín, ṣé ibòmíràn wà ni?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Ọmọba rán awakọ̀ rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀. Awakọ̀ gbé àga kíká kan wá, irú èyí tí a máa ń gbé lọ sétí òkun, pẹ̀lú fúláàsì kan. Ìyá Doreen fọwọ́ pa Pickle lórí, ó rọra fi ara sílẹ̀ sórí àga tí ọkọ rẹ̀ kàn, àga náà sì gbà á, kò tilẹ̀ dún. Ọmọba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga kíká, ó bu tíì fún un. Ìyá Doreen sunkún díẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé òun ń sunkún, wọ́n sì mu tíì.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ti dúró látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó. Ó tó gẹ́ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ń retí kí Gómìnà gbàgbé ara rẹ̀, kó jókòó lórí ẹ̀gún, ká lè gbọ́ igbe. Rárá o. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i burú ju ìyẹn lọ: kò rí ibì kankan jókòó sí. Òfin rẹ̀ ní ẹ̀gún ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, orí àga mìíràn ni kó balẹ̀ sí, gbogbo àga yòókù ló sì ti ní tirẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé e dání. Obìnrin méjèèjì sọ̀rọ̀ eré ìtàn, wọ́n sọ̀rọ̀ ajá, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún àti ìbàdí. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn obìnrin méjì ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan tó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ sì dúró sẹ́yìn wọn. Ìwé ìròyìn pè é ní aṣọ́gbà ààfin.

Ìgbìmọ̀ kò lé e. A kì í lé èèyàn níbí. Wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ ni. Tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lásán, o ṣe dáadáa. Tí wọ́n bá dúpẹ́ tayọ̀tayọ̀, tètè wá fìlà rẹ. Wọ́n mú àga oníke jáde nínú ìsọ̀ irinṣẹ́, wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ̀ ṣe, wọ́n sì kó ẹ̀gún kúrò káàkiri. Wọ́n ní kí Crabbe máa bójú tó ọ́fíìsì títí wọ́n á fi yan gómìnà mìíràn. Ẹ̀gún ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, lórí àga onítáyà. Òfin ní ọwọ́ gómìnà nìkan ló lè mú un, kò sì sí gómìnà, Crabbe kì í sì í rú òfin. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdúró ló fi ń kọ lẹ́tà.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọkùnrin kan gun òkè wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo èèyàn, fìlà òjò lásán ló dé. Ìgbà tó fi dé Yàrá Ọba, ó ń mí hẹlẹ. Ìyá Doreen wà lórí àga oníke rẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dá a mọ̀, kò sì sọ pé òun dá a mọ̀. Ó ní òjò ò rọ̀ lónìí, ó mà dáa. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ògiri mú, níbi tí ìyá náà máa ń dì mú nígbà kan.

Ìyá Doreen dìde díẹ̀díẹ̀. Ó lọ sídìí àga Reg, ó fi ọwọ́ lásán mú ẹ̀gún tó fúnra rẹ̀ ń fi síbẹ̀ láràárọ̀, ó sì fi í sórí àga oníke tó ti dìde kúrò.

"Ẹ wá sinmi, Ọ̀gbẹ́ni Garside."

"Èmi?" ni ọkùnrin náà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ní Stallingmere. "Ṣé... ṣé kò ní sí nǹkan kan, Ìyáàfin Huckaby?"

"Àga ni, sà," ni Ìyá Doreen wí. "Ẹ jókòó."

Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí àga náà wò, kó tó jókòó.